Ohun Tí Ọmọdé Lower Hill Mọ̀: Àkọsílẹ̀ Àdúgbò Kan ní Pittsburgh

Ní ọdún 1943, George E. Evans, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kọ̀wé nípa àdúgbò kan tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú àárín ìlú náà. Ó ní nínú ilé mẹ́wàá tó wà níbẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ni kò dára tó, pé wọ́n ti gbó kọjá ìlò, àti pé bí wọ́n bá wó gbogbo wọn lulẹ̀, kò sí ohun tí àwùjọ máa pàdánù. Ní 31 Oṣù Karùn-ún 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn. Ilé kan ní 1206 Epiphany Street ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Orúkọ àdúgbò náà ni Lower Hill, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ Hill District. Ọ̀rọ̀ Evans yìí ló jẹ́ kí n tú ìtàn ibẹ̀ wò, torí pé ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ṣírò tán. Ṣé lóòótọ́ ni kò sí ohun tó sọnù? Ìwé ìjọba kò lè dá wa lóhùn. Ilé ni wọ́n kà, wọ́n ka ìsọ̀, wọ́n ka ìdílé, wọ́n sì ti ìwé pa. Àwọn tó lè jẹ́rìí ni àwọn tó jẹ́ ọmọdé níbẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n ti di arúgbó báyìí, àti ògbólógbòó ayafọ́tò kan tí a ṣì máa kàn láìpẹ́.

Ẹni tí kò dé Pittsburgh rí ní láti kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Odò méjì, Allegheny àti Monongahela, ló pàdé níbẹ̀ tí wọ́n di odò Ohio. Àárín ìlú wà ní ṣóńṣó ilẹ̀ tí odò méjèèjì há mọ́ àárín, Hill sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gòkè lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Lower Hill ló súnmọ́ àárín ìlú jù. Òkè rẹ̀ ni Middle Hill. Téńté ibẹ̀ ni Upper Hill, tí wọ́n ń pè ní Sugar Top, níbi tí àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu ń gbé. Àwọn Júù láti ìlà-oòrùn Yúróòpù, àwọn ará Ítálì àti àwọn ará Síríà ti tẹ̀dó síbẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ń rọ́ wá láti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, tí wọ́n ń wáṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ irin. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì fi parí, àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá nìkan gbé: nínú àwọn ìdílé tí wọ́n lé jáde nígbẹ̀yìn, 1,239 jẹ́ aláwọ̀ dúdú, 312 sì jẹ́ òyìnbó.

Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1938 mọ sánmà méjì. Ti àkọ́kọ́ dúdú. Èédú ni wọ́n fi ń dáná nínú ilé, èédú ni ilé-iṣẹ́ irin ń jó, ọkọ̀ ojú irin náà ń tú èéfín tirẹ̀ sí i, débi pé àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń tan iná ojú pópó lọ́sàn-án gangan. Aṣọ funfun tí ìyá sá síta láàárọ̀ á ti gba èérí kó tó gbẹ. Ìlú ṣòfin lórí èéfín ní 1941, ogun dá a dúró. Ní 1946 òfin náà mú àwọn ilé-iṣẹ́, ní 1947 ó kan ilé gbígbé. Ọmọ tí mo ń sọ yìí ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kó tó máa rí òdìkejì odò kedere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí èéfín wà lára ohun tí wọ́n ń nàka sí bí wọ́n bá ń pe Hill ní àdúgbò ìdọ̀tí. Òfin lásán ló lé èéfín lọ. Kò sí ilé kan tí wọ́n wó nítorí rẹ̀.

Ọjà tí ọmọdé mọ̀ ni Logan Street. Ìsọ̀ àwọn Júù ló kún ibẹ̀: adìyẹ ààyè nínú àgò, ẹja, kùkúńbà tí wọ́n rẹ sínú àgbá omi iyọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ á gbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó padà sílé, kò sì ní ka èyí sí ohun ìyanu. Wylie Avenue ní tirẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé lọ́sàn-án, ti àgbà lálẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, ilé orin àti ilé ọtí sì tò bẹẹrẹ. Èyí tó lókìkí jù ni Crawford Grill, ti Gus Greenlee. Ibi tí Greenlee ti rí owó kì í ṣe àṣírí: tẹ́tẹ́ nọ́ńbà ni, irú èyí tí ará Èkó ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú. Owó tẹ́tẹ́ yẹn ló fi kọ́ pápá bésíbọ́ọ̀lù tirẹ̀, Greenlee Field, ní 1932, fún ẹgbẹ́ Pittsburgh Crawfords. Ibẹ̀ ni Satchel Paige àti Josh Gibson ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn òyìnbó kò gbà kí aláwọ̀ dúdú bá wọn gbá a nínú líìgì ńlá. Wọ́n wó pápá náà ní 1938, wọ́n kọ́ ilé gbígbé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Bedford Dwellings sórí rẹ̀. Ọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá Bedford Dwellings ní 1950 kò mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí Paige dúró sí lòun wà, àyàfi bí bàbá rẹ̀ bá sọ fún un.

Orin kò jìnnà sí wọn. George Benson, akọrin oníjìtá tí gbogbo ayé wá mọ̀, ọmọ Hill ni. 1943 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó ń fi jìtá kékeré olókùn mẹ́rin kọrin ní ilé ìtajà òògùn tó wà ní ìkòríta, tí wọ́n ń fún un ní dọ́là mélòó kan. Ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ó ti ń ta jìtá ní ilé ijó alaalẹ́ kan tí kò gba ìwé àṣẹ, ní ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, kí àwọn ọlọ́pàá tó ti ibẹ̀ pa. Ẹ̀yin òbí tó ń kà èyí lè mirí. Èmi náà mirí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun gbogbo ṣe wà nítòsí tó: ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́.

Ní 1948 obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Mary Dee, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò orin lórí rédíò WHOD, láti ìlú Homestead tó wà létí odò. Ní 1951 wọ́n gbé yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ rẹ̀ wá sí Hill, ní ìkòríta Centre Avenue àti Herron Avenue, wọ́n sì fi gíláàsì ńlá sí iwájú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kóra jọ sídìí gíláàsì náà bí wọ́n bá ti jáde nílé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń gbọ́ ohùn obìnrin náà nílé, wọ́n sì ń fi ojú ara wọn rí i. Fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọdún 1937 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Pittsburgh ṣẹ̀ṣẹ̀ gba olùkọ́ aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ ní kíkún, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ Hill kà títí wọ́n fi jáde láìrí ẹni tó jọ wọ́n ní iwájú kíláàsì.

Kò yẹ kí n sọ ọ́ di Párádísè. Onítakisí ìlú kì í fẹ́ gun Hill, nítorí náà àwọn aládùúgbò ń lo kábùkábù tiwọn, tí wọ́n ń pè ní jitney. Àwọn ilé kan kò ní omi gbígbóná, àwọn mìíràn kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Kí ẹ lè rí bí ìgbé ayé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe rí, ẹ jẹ́ ká wo ti ọmọ kan tí ìtàn rẹ̀ wà ní gbangba.

Ní 27 Oṣù Kẹrin 1945 ni wọ́n bí Frederick August Kittel, tó wá di August Wilson, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé. Ẹ̀yìnkùlé 1727 Bedford Avenue ni ìyá rẹ̀, Daisy Wilson, ti ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, nínú yàrá méjì tí omi tútù nìkan ń ṣàn sí. Ará Jámánì tó ń ṣe búrẹ́dì ni bàbá wọn, kì í sì í sábà sí nílé. Ìsọ̀ Júù kan wà nítòsí wọn, ará Ítálì tó ń tún aago ṣe náà ń gbé ládùúgbò. Ìyá yìí ló kọ́ ọmọ náà ní ìwé kíkà, ó sì ti mọ̀wé kà ní ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ìtàn kan wà tí Wilson fúnra rẹ̀ máa ń sọ nípa ìyá rẹ̀. Rédíò kan ṣe ìdíje: wọ́n sọ gbólóhùn ìpolówó ọjà kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè wọ́n tó sì dárúkọ ọjà náà, á gba ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun. Ìyá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: iyọ̀ Morton ni. Kò sí tẹlifóònù nílé. Ó fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní owó ẹyọ pé kó sáré lọ pè wọ́n, ọmọ náà sáré, wọ́n sì jẹ ẹ̀bùn náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ló jẹ ẹ́, wọ́n ní ìwé àṣẹ làwọn máa fún un, kó fi lọ gba ẹ̀rọ àlòkù nílé ìtọrẹ àánú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á níyànjú pé kó gbà á, ọmọ pọ̀ nílé, aṣọ pọ̀ láti fọ̀. Daisy Wilson kọ̀ ọ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo ìgbà ni díẹ̀ fi sàn ju àìrí rárá. Ó padà sídìí ọ̀pọ́n aṣọ rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí torí ohun tí Evans kò lè rí nínú ilé bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìlú bá wọ yàrá méjì yẹn, ohun tó máa kọ sínú ìwé ni: kò sí omi gbígbóná, èèyàn pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó síbẹ̀ rí ìyá tó ń fi ọwọ́ fọṣọ nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú ní 2005. Wọn kò wó ilé yẹn, torí pé ó wà lókè ibi tí wọ́n dá ìwólé dúró sí. Ìdílé náà kó lọ sí Hazelwood ní 1958. Nínú eré mẹ́wàá tí Wilson kọ lórí ọ̀rúndún ogún, mẹ́sàn-án ló fi sí Hill.

Àwọn tó dàgbà níbẹ̀ kì í pẹ́ sọ ohun kan náà: bí o bá hùwà burúkú ní Fullerton Street, ìròyìn rẹ á ti dé ilé kí ìwọ fúnra rẹ tó dé. Àwa náà ṣáà ń sọ pé ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ará Lower Hill kò gbọ́ òwe yẹn, wọ́n kàn ń ṣe é ni, wọ́n sì ń nà ọ́ lé e.

Èèyàn lè sọ pé ẹni tó bá ti dàgbà á máa ka ìgbà èwe rẹ̀ sí oyin. Mo gbà. Ìdí nìyí tí àwòrán Charles “Teenie” Harris fi wúlò. 1908 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1998. Òun ni ayafọ́tò Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń kà káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń tẹ kámẹ́rà, nítorí náà wọ́n sọ ọ́ ní “One Shot”. Ó fi àwòrán tó tó nǹkan bí 80,000 sílẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Carnegie Museum of Art sì rà wọ́n ní 2001. Ọmọdé kún inú wọn fọ́fọ́: ọmọ tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, ọmọ tó wọ aṣọ Àjíǹde tí kò sì fẹ́ kó dọ̀tí, ọmọ tó tò sórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn wọn ti ń bó lóòótọ́. Bàtà ẹsẹ̀ wọn ń dán. Harris kì í sábà kọ orúkọ àwọn tó yà, nítorí náà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ní láti máa pe àwọn àgbàlagbà Hill jọ kí wọ́n bá wọn dá àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ̀. Ìyá àgbà kan á fi ìka kan fọ́tò, á ní: èyí ni ọmọ alápatà, èyí ni àbúrò mi. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń rántí ṣe di ìwé.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣe ìdájọ́ òdodo. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ni kò kọ́kọ́ tako ètò pé kí wọ́n wó àdúgbò náà kí wọ́n sì tún un kọ́. Courier pàápàá tì í lẹ́yìn níbẹ̀rẹ̀. Òfin ilé gbígbé ti 1949 ti ṣèlérí owó ìjọba àpapọ̀ fún ìlú tó bá fẹ́ tún àdúgbò rẹ̀ kọ́, àwọn èèyàn sì gbọ́ “ilé tuntun”, wọ́n rò pé àwọn ló máa wọ̀ ọ́. Ta ni kò ní fẹ́ ilé tó ní omi gbígbóná? Ní 1955 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò Lower Hill pẹ̀lú owó yíyá àti ẹ̀bùn tó jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 17.4. Ohun tí wọ́n kó lọ lórí ilẹ̀ éékà 95 ni ilé 1,300, ìsọ̀ àti ilé-iṣẹ́ 413, àti èèyàn tó lé ní 8,000.

Ọmọdé kì í gbọ́ nípa òfin. Ohun tí ọmọdé mọ̀ ni pé ìjókòó ń ṣófo nínú kíláàsì. Ọ̀rẹ́ kan lọ sí Homewood, òmíràn lọ sí East Liberty, òmíràn wọ ilé gbígbé ìjọba lókè Hill. Logan Street lọ pẹ̀lú adìyẹ rẹ̀, Fullerton Street lọ. Ní 1957 kátàpílà dé ọ̀dọ̀ Bethel, ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú tí ìjọ rẹ̀ ti wà láti 1808, ó sì wó ilé náà. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Epiphany, tó wà ní agbègbè kan náà, ni wọ́n dá sí, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un.

Ilé tuntun dà? Ní Oṣù Kẹsàn-án 1961 wọ́n ṣí Civic Arena, gbọ̀ngàn ńlá tí òrùlé irin rẹ̀ lè ká sílẹ̀ kí àwọn tó wá wo eré olórin lè rí ìràwọ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí yí i ká. Ilé gíga kan fún àwọn tó lówó lọ́wọ́ tẹ̀lé e. Títì ńlá gba àárín kọjá, ó gé Hill kúrò lára àárín ìlú tí ọmọdé ti ń rìn lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìlú tún ń wo apá òkè, àwọn aládùúgbò gbé pátákó ńlá kan dúró ní ìkòríta Crawford Street àti Centre Avenue pé àtúnkọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, àti pé ilé fún tálákà làwọn fẹ́ ní Lower Hill. Ibẹ̀ ló dúró sí. Freedom Corner ni wọ́n ń pe ìkòríta yẹn báyìí.

Èrò tèmi nìyí. Bí a bá to àwọn nǹkan tó wà ní Lower Hill lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò kú pátápátá. Bethel rí ilé mìíràn. Courier ń jáde lọ. Àwọn tó kó lọ rí omi gbígbóná níkẹyìn, àwọn mìíràn sì rí ilé tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ ni wíwà tí wọ́n wà pọ̀ lójú kan. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, ilé ìyá àgbà, ilé orin, ibi iṣẹ́ bàbá, gbogbo rẹ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè kọ èyí sínú ìwé àyẹ̀wò Evans, nítorí kì í ṣe ilé, kì í ṣe ìsọ̀. Àgbàlagbà tó lówó ọkọ̀ lè tún un so pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọdé kò lè ṣe é. Èyí ló mú kó jẹ́ pé nínú ẹ̀rí àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kì í ṣe ilé ni wọ́n máa ń sọ jù bí kò ṣe ọ̀nà: láti ibí o yà sí ọ̀tún, o rí aláròóbọ̀ yẹn, o gòkè díẹ̀, o dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n torí rẹ̀ wó gbogbo èyí kò dúró pẹ́. Láàárín 2011 àti 2012 wọ́n wó òun náà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ní 2021 wọ́n ṣí ọgbà kan sórí títì ńlá tó gé Hill kúrò lára àárín ìlú, wọ́n sì fi orúkọ Frankie Pace, obìnrin oníṣòwò àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ Hill, pè é, kí èèyàn lè tún fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ní Oṣù Kẹrin 2023, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín Penguins, tí ẹ̀tọ́ ìkọ́lé orí ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, bá ìjọ Bethel ṣàdéhùn pé wọ́n á fún un ní nǹkan bí éékà kan àtààbọ̀ nítòsí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ ilé gbígbé sí i. Éékà kan àtààbọ̀ nínú 95, lẹ́yìn ọdún 66.